Quang Tri ní Vietnam: Ìpínlẹ̀ tí odò méjì rẹ̀ ti pín orílẹ̀-èdè kan sí méjì rí



Ọ̀rọ̀ afárá kan ni mo fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀ lónìí. Afárá náà kò tóbi. Irin ni egungun rẹ̀, pákó ni wọ́n tẹ́ sórí rẹ̀, gígùn rẹ̀ kò sì tó 200 mítà. Ẹni tí kò bá dúró wo nǹkan kan lè rìn ín já láàárín ìṣẹ́jú mẹ́ta. Hien Luong ni wọ́n ń pè é, odò Ben Hai ló ń ṣàn lábẹ́ rẹ̀, ìpínlẹ̀ Quang Tri ní àárín gbùngbùn Vietnam ló sì wà.

Láti ọdún 1954, ìlà funfun kan pín afárá yìí sí méjì. Pákó 450 wà lápá àríwá, pákó 444 wà lápá gúúsù. Bí ẹsẹ̀ ènìyàn bá ti ré ìlà náà kọjá, ó ti wọ ìjọba mìíràn nìyẹn, àsíá mìíràn, owó mìíràn. Bàbá lè máa gbé ní bèbè kan kí ọmọ rẹ̀ máa gbé ní bèbè kejì, kí wọ́n jọ máa gbọ́ àkùkọ kan náà láàárọ̀, kí ọ̀nà àtikí ara wọn má sì sí.

Ìdí tí mo fi mú ọ̀rọ̀ Quang Tri wá rèé. Ní ọjọ́ kìíní oṣù Keje ọdún 2025, ìjọba Vietnam dín iye ìpínlẹ̀ àti ìlú ńlá tó dá dúró kù láti 63 sí 34. Wọ́n da ìpínlẹ̀ Quang Binh pọ̀ mọ́ Quang Tri tó wà ní gúúsù rẹ̀. Orúkọ Quang Tri ni wọ́n fi sílẹ̀, ṣùgbọ́n Dong Hoi, tó jẹ́ olú ìlú Quang Binh, ni wọ́n fi ṣe olú ìlú tuntun. Ẹni tó bá gbọ́ ọ lókèèrè á ní ọ̀rọ̀ ètò ìṣèjọba lásán ni. Ẹni tó bá mọ ìtàn ibẹ̀ á rí nǹkan mìíràn níbẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ti fi odò pín Vietnam sí méjì. Odò Gianh ni ti àkọ́kọ́, Ben Hai ni ìkejì. Gianh wà ní Quang Binh, Ben Hai wà ní Quang Tri. Ní báyìí, inú ìpínlẹ̀ kan ṣoṣo ni àwọn méjèèjì wà.

Kí ló dé tó jẹ́ ibẹ̀ ni wọ́n máa ń gé? Ẹ wo àwòrán ilẹ̀ Vietnam. Orílẹ̀-èdè náà gùn lọ bí ẹni na okùn sí etí òkun, ó sanra lókè, ó sanra nísàlẹ̀, ṣùgbọ́n ìbàdí rẹ̀ tín-ín-rín. Ìbàdí yẹn gan-an ni ibi tí à ń sọ yìí. Nítòsí Dong Hoi, láti etí òkun dé ẹnubodè Laos kò ju nǹkan bí 50 kìlómítà lọ. Ẹni tó bá fẹ́ dá ọ̀nà dúró láàárín àríwá àti gúúsù kò ní wá ibòmíràn.

Ilẹ̀ ibẹ̀ kì í ṣe ilẹ̀ ọlọ́ràá. Yanrìn funfun ló pọ̀ létí òkun, òkè àti igbó ló wà lápá Laos. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, afẹ́fẹ́ kan máa ń já bọ̀ láti orí òkè wọ̀nyẹn tí wọ́n ń pè ní afẹ́fẹ́ Laos. Ọyẹ́ tiwa gbẹ, ṣùgbọ́n ó máa ń tutù láàárọ̀. Tiwọn gbẹ, ó sì gbóná bí ẹnu ààrò. Tí òjò bá tún dé níparí ọdún, ìjì líle àti omíyalé á tẹ̀ lé e.

Ilẹ̀ tí wọ́n fi ṣe ìdáná

Kí àwọn ará Vietnam tó tàn dé ibẹ̀, ìjọba Champa ló ni ilẹ̀ náà. Àwọn Cham ní èdè tiwọn, wọ́n ní ọba tiwọn, àwọn ọba wọn sì ń sin àwọn òrìṣà ẹ̀sìn Híńdù. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún kẹrìnlá, ọba Champa tí àwọn ará Vietnam ń pè ní Che Man fẹ́ fi ọmọ ọba Vietnam ṣaya. Huyen Tran ni orúkọ ọmọbìnrin náà, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin ló sì wà lórí oyè nígbà náà.

Àwa náà mọ ohun tí wọ́n ń pè ní ìdáná. A mọ iṣu, a mọ oyin, a mọ àpò iyọ̀. Ìdáná tí ọba Champa gbé kalẹ̀ jẹ́ ẹkùn ilẹ̀ méjì, O àti Ly, lódidi. Ní 1306, wọ́n fa ìyàwó lé e lọ́wọ́, ó sì fa ilẹ̀ sílẹ̀. Gúúsù Quang Tri ti òní wà lára ilẹ̀ ìdáná yẹn.

Ọdún kan lẹ́yìn ìgbéyàwó ni ọkọ kú. Ìtàn Vietnam sọ pé àṣà Champa ni kí wọ́n sun olorì mọ́ ọba tó wàjà, nítorí náà ẹ̀gbọ́n rẹ̀ rán ìjòyè kan lọ, ìjòyè náà dọ́gbọ́n gbé e gba orí òkun padà wálé. Ìyàwó padà sílé bàbá rẹ̀. Nílẹ̀ wa, bí ìyàwó bá padà sílé bàbá rẹ̀, àwọn àna á béèrè owó orí wọn. Àwọn Cham náà béèrè tiwọn, wọ́n fi ogun béèrè rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Kò padà sọ́wọ́ wọn títí dòní.

Ní 1558, ìjòyè kan tó ń jẹ́ Nguyen Hoang kó àwọn ènìyàn rẹ̀ wá láti àríwá, ó fi Ai Tu ní Quang Tri ṣe ibùjókòó. Ìdílé rẹ̀ àti ìdílé Trinh tó ń ṣàkóso ní Hà Nội kò gbọ́ ara wọn yé mọ́ nígbà tó yá. Ogun bẹ́ ní 1627, ó dáwọ́ dúró ní 1672 láìsí ẹni tó ṣẹ́gun. Odò Gianh di ààlà. Ohun tó pani lẹ́rìn-ín níbẹ̀ ni pé ìránṣẹ́ ọba kan náà ni ìdílé méjèèjì ń pe ara wọn, ọba ìdílé Le. Ọba wà lórí ìtẹ́, àwọn ìránṣẹ́ rẹ̀ sì ti pín ilẹ̀ rẹ̀ mọ́ ọn lójú.

Àwọn Nguyen mọ odi gìrìwò sí Dong Hoi láti dá ogun àríwá dúró. Dao Duy Tu, ọ̀mọ̀wé kan tí àríwá kò jẹ́ kó ṣe ìdánwò ìjọba nítorí pé ọmọ eléré ni, ló ṣètò mímọ rẹ̀. Tí ẹ bá dé Dong Hoi lónìí, ẹnubodè odi kan tí wọ́n tún ṣe wà láàárín ìlú, Quang Binh Quan ni wọ́n ń pè é, àwọn ọlọ́kadà sì ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá bí ẹni pé ilé kan lásán ni.

Ọba tó lọ sí Áfíríkà, ọmọ Áfíríkà tó wá sí Vietnam

Àwọn Nguyen ló padà wá so orílẹ̀-èdè náà pọ̀ ní 1802, wọ́n sì fi Hue, tó wà ní gúúsù Quang Tri, ṣe olú ìlú. Nígbà tí Faransé dé tí wọ́n gba Hue ní 1885, ọba tó wà lórí oyè, Ham Nghi, ṣì jẹ́ ọmọdékùnrin tí kò tíì pé ọdún 15. Àwọn olóyè gbé e sá lọ sí odi Tan So nínú igbó Quang Tri, láti ibẹ̀ ni ìpè ti jáde pé kí gbogbo ènìyàn dìde sí Faransé. Wọ́n rí i mú ní 1888. Algeria ni wọ́n gbé e lọ, ibẹ̀ ló sì kú sí lẹ́yìn èyí tó ju 50 ọdún lọ.

Faransé kó ọba Vietnam wá sí Áfíríkà. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, wọ́n kó ọmọ Áfíríkà lọ sí Vietnam. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ ogun láti Senegal, Mali, Guinea, Dahomey tí à ń pè ní Benin báyìí, àti Togo, ló wà lára àwọn tí Faransé kó lọ bá àwọn ọmọ ogun Ho Chi Minh jà. Christophe Soglo, tó padà di olórí Dahomey, jagun níbẹ̀. Gnassingbé Eyadéma, tó ṣe ààrẹ Togo láti 1967 títí tó fi kú ní 2005, náà sìn nínú iṣẹ́ ológun Faransé lọ́hùn-ún. Ẹni tí wọ́n ń ṣàkóso nílé rẹ̀ ni wọ́n gbé lọ bá ẹni tó ń sọ pé kí wọ́n má ṣàkóso òun mọ́ jà.

Faransé pàdánù ogun náà ní Dien Bien Phu ní oṣù Karùn-ún ọdún 1954. Ní oṣù Keje, wọ́n fẹnu kò ní Geneva pé kí àwọn kọ́múnísì wà ní àríwá, kí ìjọba kejì wà ní gúúsù. Ààlà náà súnmọ́ ìlà kẹtàdínlógún lórí àwòrán ayé, ibi tí odò Ben Hai ti ń wọ òkun. Wọ́n ní fún ìgbà díẹ̀ ni. Ìbò ni yóò so orílẹ̀-èdè náà pọ̀ ní 1956. Ìbò náà kò wáyé.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ síbí. Ẹni tó kọ̀ láti ṣe ìbò náà ni Ngo Dinh Diem, olórí gúúsù. Ọ̀gágun tó gba iwájú ogun fún àríwá ni Vo Nguyen Giap. Agbègbè Le Thuy ní Quang Binh ni ìdílé Diem ti ṣẹ̀ wá, agbègbè Le Thuy kan náà ni wọ́n bí Giap sí. Le Duan, tó wá di olórí ẹgbẹ́ kọ́múnísì lẹ́yìn náà, ọmọ Quang Tri ni, ní apá gúúsù odò. Ogun tí gbogbo ayé ń pè ní ogun Amẹ́ríkà àti Rọ́ṣíà, ọmọ àdúgbò kan náà ló ń darí rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì.

Ogun ẹnu, ogun ọ̀dà, ogun àsíá

Kí ìbọn tó bẹ̀rẹ̀ sí í dún létí Ben Hai, ohùn ni wọ́n fi kọ́kọ́ jà. Àríwá to ẹ̀rọ gbohùngbohùn sí bèbè tiwọn, wọ́n ń ka ìròyìn, wọ́n ń kọrin, wọ́n ń ṣe eré sí etí àwọn ará gúúsù. Gúúsù ra èyí tó ń dún ju tiwọn lọ. Àríwá tún wá èyí tó ju ìyẹn lọ. Àwa tí iṣẹ́ wa jẹ́ kí ohùn gba orí afẹ́fẹ́ kọjá ẹnubodè, a lè rẹ́rìn-ín sí i, ṣùgbọ́n ẹ ronú nípa àgbẹ̀ tó kàn fẹ́ sùn.

Wọ́n jà lórí ọ̀dà. Ìtàn tí wọ́n ń sọ níbẹ̀ ni pé bí gúúsù bá kun ìdajì tiwọn ní àwọ̀ kan, àríwá á kun tiwọn ní àwọ̀ kan náà láti fi hàn pé afárá kan ni, orílẹ̀-èdè kan ni. Gúúsù á tún yí àwọ̀ padà. Àwọ̀ búlúù àti yẹ́lò ló wà lára rẹ̀ lónìí.

Wọ́n sì jà lórí àsíá. Bí ẹ̀gbẹ́ kan bá gbé òpó tirẹ̀ ga, èkejì á gbé tirẹ̀ ga jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbà tó fi máa di 1962, òpó ti àríwá ti ga ju 38 mítà lọ. Nígbà tí bọ́ǹbù bẹ̀rẹ̀, òpó náà máa ń wó, wọ́n á tún un rì, àwọn obìnrin á sì tún àsíá tó ya rán. Ní 1967, bọ́ǹbù Amẹ́ríkà já afárá náà sínú odò. Èyí tí àlejò ń rìn lórí rẹ̀ báyìí, wọ́n tún un kọ́ ní ìrísí ti àtijọ́ ní nǹkan bí 20 ọdún sẹ́yìn ni.

Abúlé tó wọ ilẹ̀ lọ

Bí ẹ bá fi afárá sílẹ̀ tí ẹ gba ọ̀nà etí òkun lọ sí apá àríwá, ẹ ó dé Vinh Moc. Abúlé apẹja ni. Nígbà tí Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í ju àdó olóró sí àríwá ní 1965, Vinh Moc wà lára ibi tó kọ́kọ́ jẹ ẹ́, nítorí ààlà ló wà, àti nítorí pé láti ibẹ̀ ni àwọn ará abúlé ti ń fi ọkọ̀ ojú omi gbé oúnjẹ àti ohun ìjà lọ fún àwọn sójà tó wà ní erékùṣù Con Co.

Àwọn ará abúlé ní ọ̀nà méjì: kí wọ́n kúrò, tàbí kí wọ́n wọlẹ̀. Wọ́n wọlẹ̀. Amọ̀ pupa tó wà níbẹ̀ rọ̀ láti gbẹ́, ṣùgbọ́n ó máa ń le bí afẹ́fẹ́ bá fẹ́ sí i. Ọkọ́ àti ohun èlò ọwọ́ lásán ni wọ́n fi gbẹ́ ẹ. Iṣẹ́ náà le, ṣùgbọ́n kíkó iyẹ̀pẹ̀ pamọ́ le jù ú lọ, torí bí ọkọ̀ òfurufú bá rí òkìtì tuntun, ó ti mọ ibi tí yóò jù ú sí. Wọ́n ń kó iyẹ̀pẹ̀ náà dà sókun ní òru.

Ipele mẹ́ta ni ihò náà ní, èyí tó wà nísàlẹ̀ pátápátá jìn ju 20 mítà lọ. Gbogbo rẹ̀ gùn tó nǹkan bí kìlómítà méjì, ẹnu rẹ̀ sì jẹ́ 13, méje nínú wọn ṣí sí ojú òkun. Ìdílé kọ̀ọ̀kan ní ihò kékeré tirẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà. Kànga wà níbẹ̀, ibi ìdáná wà, ibi ìpàdé wà, iyàrá ìgbẹ̀bí náà wà. Ọmọ 17 ni wọ́n bí síbẹ̀.

Iye yẹn kì í kúrò lọ́kàn mi. Bọ́ǹbù ń já lókè, agbẹ̀bí ń sọ fún ìyá ọmọ nísàlẹ̀ pé kó tún ara gbọn. Títí di 1972 ni wọ́n fi wà bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ga bá wọlé lónìí, yóò bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ ni, yóò sì rí i pé ihò ìdílé kan kò fẹ̀ ju ibi tí ènìyàn díẹ̀ lè fún ara wọn jókòó sí lọ. Wọ́n fi ère ìyá àti ọmọ sínú iyàrá ìgbẹ̀bí náà.

Apá gúúsù odò náà kò bọ́. Ní 1967, wọ́n kó àwọn ará abúlé tó wà ní agbègbè Gio Linh kúrò lórí ilẹ̀ baba wọn lọ sí àgọ́, kí sójà lè ráyè ta wáyà kí wọ́n sì ri ẹ̀rọ atẹ́tísílẹ̀ mọ́lẹ̀ lójú ààlà. Bí erin méjì bá ń jà, koríko ni ó ń fara gbá a.

Lápá Laos, lójú ọ̀nà tí wọ́n ń pè ní Ojú Ọ̀nà 9, ni Khe Sanh wà. Orúkọ rẹ̀ gba ayé ní 1968, nígbà tí ọmọ ogun àríwá dó ti àwọn sójà Amẹ́ríkà níbẹ̀ fún ọjọ́ 77. Ogun náà tán, àwọn Amẹ́ríkà fi ibùdó náà sílẹ̀ láàárín ọdún kan náà, wọ́n tú u palẹ̀ fúnra wọn. Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé kékeré kan ló wà níbẹ̀ báyìí, pẹ̀lú àlòkù ọkọ̀ òfurufú, oko kọfí ló sì yí i ká. Kọfí rẹ̀ dára.

Odi tó di ibojì

Mi ò mọ bí mo ṣe lè sọ ti odi Quang Tri kó kéré. Ọba Minh Mang ló fi bíríkì mọ ọ́ ní 1837, pẹ̀lú yàrà olómi yí i ká. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Karùn-ún ọdún 1972, ọmọ ogun àríwá gba gbogbo ìpínlẹ̀ náà. Àwọn ará ìlú tó ń sá lọ sí Hue lójú títì ńlá, àgbá ogun bá wọn lójú ọ̀nà, ọ̀pọ̀ kò dé ibi tí wọ́n ń lọ. Ní òpin oṣù Kẹfà, ọmọ ogun gúúsù padà wá gba ìlú náà, bọ́ǹbù Amẹ́ríkà sì ń já níwájú wọn. Ọjọ́ 81 ni wọ́n fi jà lórí odi náà, títí di ọjọ́ 16 oṣù Kẹsàn-án. Nígbà tí ó parí, kò sí ìlú mọ́. Ṣọ́ọ̀ṣì Long Hung ṣì wà bí wọ́n ṣe bá a, ihò ọta ló kún ara ògiri rẹ̀.

Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí àríwá rán wọ ibẹ̀ jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì tí wọ́n mú kúrò ní kíláàsì. Ọ̀kan nínú wọn kọ lẹ́tà sí ìyá rẹ̀ àti ìyàwó rẹ̀ níbẹ̀ ní oṣù Kẹsàn-án ọdún yẹn. Ìgbéyàwó wọn kò tíì pẹ́. Ó kọ ọ́ bí ẹni tó ti mọ̀ pé òun ò ní padà, ó sì júwe fún ìyàwó rẹ̀ bí yóò ṣe wá ibi tí wọ́n sin òun sí tí àlàáfíà bá dé: irú ọkọ̀ tí yóò wọ̀, ibi tí yóò ti sọ̀. Ó kú ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1973. Ní 2002, àwọn ẹbí rẹ̀ tẹ̀ lé ohun tó kọ, wọ́n sì rí egungun rẹ̀ níbẹ̀.

Ọ̀pọ̀ ò rí ẹni tó wá wọn. Koríko ló bo inú odi náà báyìí, àwọn ará ibẹ̀ kì í pariwo níbẹ̀, torí wọ́n mọ ohun tí wọ́n ń tẹ̀ mọ́lẹ̀. Odò Thach Han ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ibi tí ọ̀pọ̀ ti rì bí wọ́n ṣe ń sọdá lóru. Ní ọjọ́ 27 oṣù Keje, tó jẹ́ ọjọ́ ìrántí àwọn tó kú lójú ogun ní Vietnam, àwọn ènìyàn máa ń tan àbẹ́là sínú òdòdó, wọ́n á jẹ́ kí omi gbé e lọ.

Quang Tri àtijọ́ nìkan ní itẹ́ òkú ológun 72. Èyí tó wà ní Truong Son ju 10,000 sàréè lọ. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí n sọ èyí: àwọn tó jà fún ẹ̀gbẹ́ tó borí ni wọ́n sin síbẹ̀. Ọmọ Vietnam ni àwọn ọmọ ogun gúúsù náà, wọ́n ní ìyá. Wọn ò sí níbẹ̀.

Ohun tí wọn ò tíì kó tán

Ogun parí ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹrin ọdún 1975. Bọ́ǹbù kò parí. Kò sí ìpínlẹ̀ tí wọ́n ju bọ́ǹbù sí ní Vietnam tó Quang Tri, èyí tí kò bú lára wọn sì wà nínú ilẹ̀. Èyí tó burú jù ni àwọn kéékèèké tó rí roboto bíi bọ́ọ̀lù, tí ọmọdé máa ń rò pé ohun ìṣeré ni. Àwọn mìíràn ń wa irin jáde nínú ilẹ̀ láti tà, nítorí ebi. Láti 1975, ó lé ní 8,000 ènìyàn ní Quang Tri tí ìbúgbàmù wọ̀nyí ti pa tàbí tó ti sọ di aláàbọ̀ ara.

Ní 2001, ìjọba ìpínlẹ̀ náà àti àwọn àjọ láti òkèèrè dá ètò kan sílẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Project RENEW. Chuck Searcy, tó ṣe sójà Amẹ́ríkà ní Vietnam nígbà ogun, wà lára àwọn tó bá wọn dá a sílẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ ń fi ẹ̀rọ wá ilẹ̀ wò ní ẹsẹ̀ bàtà sí ẹsẹ̀ bàtà, obìnrin pọ̀ nínú wọn. Àgbẹ̀ tó bá rí nǹkan lóko á pe fóònù, wọ́n á wá gbé e kúrò. Ilé àfihàn wọn wà ní ìlú Dong Ha, ibẹ̀ ni mo rò pé ó yẹ kí àlejò kọ́kọ́ dé kó tó lọ sí ibòmíràn. Bí ẹ bá sì lọ rìn ní ìgbèríko, ọ̀nà tí ẹsẹ̀ ti là ni kí ẹ gbà.

Àwọn ihò tí ènìyàn kò gbẹ́

Ohun tó ń gbé ọ̀pọ̀ àlejò wá sí ìpínlẹ̀ náà báyìí kì í ṣe ogun rárá. Àwọn òkè olókùúta tó wà ní Phong Nha-Ke Bang, ní ìwọ̀ oòrùn Dong Hoi, ni. UNESCO fi wọ́n sára ogún àgbáyé ní 2003. Abẹ́ òkè wọ̀nyí kún fún ihò àpáta tí odò gbẹ́ láti ọdún gbọọrọ, ọkọ̀ ojú omi ló ń gbé ènìyàn wọ inú Phong Nha fúnra rẹ̀.

Ní nǹkan bí 1990, ọkùnrin kan tó ń wá igi olóòórùn dídùn kiri nínú igbó, Ho Khanh ni orúkọ rẹ̀, ya sí ẹnu ihò kan nítorí òjò. Ó gbọ́ ariwo omi nínú rẹ̀, afẹ́fẹ́ sì ń fẹ́ jáde, ẹ̀rù bà á, ó lọ. Nígbà tí àwọn awáhò láti Britain gbọ́ ìròyìn yìí, kò rántí ọ̀nà mọ́. Ó tó 2008 kó tó tún un rí. Wọ́n wọlé ní 2009 láti wọ̀n ọ́n. Son Doong ni wọ́n ń pè é, òun sì ni ihò àpáta tó tóbi jù tí ẹnikẹ́ni tíì mọ̀ láyé. Ibì kan wà tí òrùlé rẹ̀ ti wó, oòrùn ń wọlé, igbó sì hù sínú rẹ̀. Nǹkan bí 1,000 ènìyàn péré ni wọ́n ń jẹ́ kó wọ̀ ọ́ lọ́dún, owó rẹ̀ tó 3,000 dọ́là, nítorí náà fún ọ̀pọ̀ nínú wa, fọ́tò rẹ̀ ni a ó máa wò. Ihò Paradise, tí Ho Khanh kan náà rí ní 2005, kò wọ́n.

Ogun dé inú àwọn òkè yìí náà. Lójú ọ̀nà kan nínú igbó ibẹ̀ ni ihò tí wọ́n ń pè ní Tam Co wà. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 1972, àwọn ọ̀dọ́ mẹ́jọ tí wọ́n ń tún ọ̀nà ṣe sá wọ ibẹ̀ nítorí bọ́ǹbù, òkúta ńlá kan sì já dí ẹnu ihò náà. Fún ọjọ́ mélòó kan, àwọn tó wà níta ń gbọ́ ohùn wọn. Wọn ò rí òkúta náà gbé. Ọdún 1996 ni wọ́n tó ṣí i.

Àwọn ọmọ ìjọ Àgùdà tó ń gbọ́ mi lè ti mọ La Vang. Wọ́n gbàgbọ́ pé Màríà fara han àwọn onígbàgbọ́ tó sá pamọ́ sínú igbó ibẹ̀ nígbà inúnibíni ní 1798. Ogun 1972 wó ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀, ilé agogo nìkan ló ṣẹ́ kù. Àwọn ènìyàn ṣì ń wọ́ lọ síbẹ̀ ní oṣù Kẹjọ.

Ọkọ̀ ojú irin láti Hà Nội dé Dong Hoi jẹ́ nǹkan bí 500 kìlómítà, ẹ lè sùn nínú rẹ̀ mọ́jú. Láti Hue, mọ́tò dé Dong Ha láàárín wákàtí méjì. Tí ẹ bá ń bọ̀ láti gúúsù, ẹ ó kan Ben Hai lẹ́yìn Dong Ha. Afárá tuntun ni àwọn ọkọ̀ ń gbà, àwọn tírélà kì í dẹ ẹsẹ̀ níbẹ̀. Èyí tó ní pákó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ẹsẹ̀ nìkan ni wọ́n fi ń rìn ín. Ẹ sọ̀ kalẹ̀. Ní bèbè gúúsù, wọ́n gbẹ́ ère ńlá kan síbẹ̀, obìnrin kan àti ọmọ rẹ̀ tí wọ́n ń retí bàbá tó lọ sí àríwá ní 1954. Odò ni wọ́n kọjú sí.